Ọjọ́ tí Muslimat àti Ọkọ Rẹ̀ Jọ Wá Àyè sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò

Muslimat Àrówólò kò ní in lọ́kàn láti padà sílé-ẹ̀kọ́. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Suhaib Abọ́dúndé, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Adabraka, ó sì ti ń sọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mutala, ọmọ wọn, pé òun yóò lọ gba oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò, kí wọ́n yé fi ọmọ àná ṣe ọ̀gá òun níbi iṣẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí à ń sọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan nílùú Accra pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó síwájú àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni ahọ́n rẹ̀ so mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí ó sọ nípa ara rẹ̀, ó ń sọ ìtàn iléeṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó ní òun fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọn kò gbà á. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó jẹ wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, tí Muslimat bù fún un tán, ó fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lọ dùbúlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Suhaib tún fẹ́ dán an wò lọ́dún kejì, Muslimat ní òun kò ní jẹ́ kí ó lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn ni iná mànàmáná ń ṣe ségesège káàkiri Accra, tí gbogbo ènìyàn ń pè é ní dumsor, ìyẹn ni pé ó kú, ó tàn. Ooru kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ lórí ibùsùn. Bí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, Muslimat á gbé àga oníke méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Lapaz, á jókòó sórí ọ̀kan bí ọ̀gá ilé-ìwé, á ní kí ọkọ òun jókòó sórí èkejì. Lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló dé tó fi yan ilé-ẹ̀kọ́ yìí? Kí ló ti gbé ṣe níbi iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe? Ìgbà wo ló ṣe àṣìṣe, kí ló sì rí kọ́ níbẹ̀?

Suhaib á wúkọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ. Kò ní tíì jìnnà tí Muslimat á fi na ọwọ́ sókè.

"Bàbá Mutala, omi pọ̀ ju ọkà lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú yín."

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí apẹja kan ní Tema tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jóná, tí wọ́n ń ti ìwé rẹ̀ láti orí tábìlì kan sí òmíràn níléeṣẹ́ títí àkókò ẹja fi kọjá lórí ọkùnrin náà. Suhaib ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ènìyàn ló fa ìdádúró náà, ètò tí kò ní olórí ni. Ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń to iléeṣẹ́ tí kò fi ní máa pa oníbàárà rẹ̀ lára láìmọ̀. Nígbà tí Muslimat gbọ́ èyí, ó ní kí ó gbá a mú, kí ó má jẹ́ kí ó bọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tí Suhaib á dákẹ́ pátápátá. Nígbà náà ni Muslimat á dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Òun náà kì í ṣe púrúǹtù. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó gboyè, ó sì ti ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì kan ní Osu kí orúnkún ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyá yìí, Àgbékẹ́, ló ni ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì, sípù àti òwú ìránṣọ ní ọjà Makọ́là, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń pè é ní Alata Maame, ìyẹn Ìyá Yorùbá. Nígbà tí ìyá kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, Muslimat fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ó sì bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún lórí rẹ̀. Ọjà ń lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ó kàn jẹ́ pé láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ní ìdájí, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè, ohùn náà sì ń wù ú.

Ọláídé, àbúrò Suhaib, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wá sùn lọ́dọ̀ wọn, ó jí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ìyàwó wa, ta ló ń lọ síbẹ̀ gan-an nínú yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn. Ẹ̀rín Suhaib ló kọ́kọ́ tán. Ó wọlé lọ wẹ̀, ó múra, ó wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́.  Gbogbo ọjọ́ náà ni Muslimat ń wọn sípù fún àwọn aránṣọ, tó ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ Ọláídé ti dun ọkọ òun. Ọkùnrin tó ti ṣubú níbì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìyàwó rẹ̀ tún ní òun fẹ́ bá a fo odò kan náà, kì í ṣe ohun tí gbogbo ọkọ lè gbà.

Àwọn ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Suhaib ń lọ aṣọ Mutala, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Ìyá Mutala, mo ti rò ó. Tí o kò bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tó dá ọ dúró bí kò ṣe èmi. N kò fẹ́ jẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀."

Muslimat bi í pé ṣé ó dá a lójú, nítorí pé ibì kan náà ni àwọn yóò jọ máa wá àyè sí, wọ́n sì lè gba ọ̀kan kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀. Suhaib ní òun mọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní èyí tó lè bí òun nínú jù ni kí òun máa rí i ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ kí òun sì máa rò ó pé ó lè ti lọ.

Ó wá ku Àgbékẹ́. Muslimat lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá béèrè pé ṣé ọkọ rẹ̀ gbà. Ó ní ó gbà. Ìyá béèrè pé tí kíláàsì bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé tí àwọn ará ìgbèríko ń wọlé, ta ni yóò dúró ti ọjà. Kí Muslimat tó dáhùn, ìyá náà ti dá ara rẹ̀ lóhùn pé kí wọ́n wá gbé òun lọ síbẹ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n sì wá gbé òun padà ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹnu," ni ó wí. "Ẹnu ni wọ́n sì fi ń tajà."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe fi orúkọ sílẹ̀, Suhaib pẹ̀lú Abọ́dúndé rẹ̀, Muslimat pẹ̀lú Àrówólò tó jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì pè wọ́n fún ọjọ́ kan náà. Suhaib ló mú àbá wá pé kí àwọn má sọ pé tọkọtaya ni àwọn. Ó ní tí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹni tó fúyẹ́ á wá mú èkejì fúyẹ́. Wọ́n jọ wọkọ̀ láti Lapaz, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu géètì, Suhaib dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta omi, ó ṣe bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ máa lọ níwájú. Muslimat tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó wọlé. Ẹ̀rín ń pa á, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Wọ́n kọ́kọ́ pín àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ yanjú ọ̀rọ̀ kan níwájú ẹni tí yóò máa wò wọ́n. Wọ́n pe orúkọ Afua, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ olóògùn. Wọ́n pe Kwabena, ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Wọ́n pe Muslimat Àrówólò. Wọ́n wá pe Suhaib Abọ́dúndé. Tọkọtaya náà wo ara wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì yára gbójú kúrò, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àlejò méjì.

Ẹni tó ń wò wọ́n jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tó ń jẹ́ Ọ̀mọ̀wé Lartey, ó jókòó sí igun yàrá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn ni ti iléeṣẹ́ oníbúrẹ́dì kan tí bàbá dá sílẹ̀ tó sì fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ààrò wọn ti gbó, búrẹ́dì kan á sun jù, òmíràn kò ní jinná. Àyè sì ṣí sílẹ̀ fún wọn láti dá ilé búrẹ́dì mìíràn sílẹ̀ ní Kumasi. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe méjèèjì. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Kwabena ní kí wọ́n yá owó kí wọ́n ṣe méjèèjì. Afua ní kí àwọn kọ́kọ́ wo ewu tó wà nínú rẹ̀. Muslimat ní Kumasi ni. Ó ní ọjà tó ṣí sílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá jókòó ti ààrò, ẹlòmíràn á gbà á. Ó sọ ọ́ dáadáa, Kwabena sì ti ń mi orí. Ìgbà náà ni Suhaib sọ pé òun kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ó ti rí lára Muslimat. Nílé, ẹ̀yin ni ó máa ń pe ọkọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ gba inú "ẹ" àti "yín" kọjá, bí omi tó ń gba inú asẹ́, nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ Suhaib, gbogbo ohun tó mú nínú rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù tán. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò mọ ẹ̀yin yàtọ̀ sí ìwọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe ọba, tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọwọ́. Muslimat yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, ó sì kò ó lójú. Ó ní kí ó ṣàlàyé bí iléeṣẹ́ ṣe lè dàgbà tó bá ń bẹ̀rù. Suhaib náà kò sá. Kò wúkọ́, kò wá ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní òun kò bẹ̀rù Kumasi, búrẹ́dì tí kò jinná ni òun ń bẹ̀rù. Ó ní oníbàárà tó ra búrẹ́dì tútù kì í wá jà, kì í kọ̀wé. Ó kàn ń ya sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni, àwọn ọmọ náà kò sì ní mọ̀ pé àwọn ti pàdánù rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé orúkọ burúkú tí ààrò náà ń fún wọn lọ sí Kumasi, ìlú méjì ni wọn yóò ti bàjẹ́ dípò ẹyọ kan.

Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Iná lọ láàárín rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ògiri, wọ́n gbé ohùn sókè sí i. Afua ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, Muslimat ní òótọ́ ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ààrò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti rán ẹnì kan lọ sí Kumasi láti lọ wá ilẹ̀ àti oníbàárà sílẹ̀, kí ọjà náà má bàa bọ́ pátápátá. Suhaib ní ìyẹn dára ju ti òun lọ. Kwabena ló sọ ọ́ jáde fún gbogbo wọn ní ìparí, ó sì sọ ọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Muslimat ló kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀mọ̀wé Lartey ló wà láàárín, pẹ̀lú ọkùnrin oníbáńkì kan lápá ọ̀tún àti ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan lápá òsì. Wọ́n bi í pé obìnrin tí ọjà rẹ̀ ń lọ, kí ló tún ń wá. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kọ́ rere sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà gba orúnkún ìyá òun. "Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ní ṣọ́ọ̀bù tí kò fi ní di dandan kó máa wà nínú rẹ̀," ni ó wí. Oníbáńkì náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀mọ̀wé Lartey tẹ ara síwájú. Ó ní ọkùnrin kan bá a jiyàn púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ àárọ̀. Kí ni èrò rẹ̀ nípa ọkùnrin náà?

 Muslimat rántí àdéhùn òun àti Suhaib. Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì rí i pé òun kò lè wá àyè sílé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu, bó ti wù kí irọ́ náà kéré tó.

"Ọkọ mi ni," ó dáhùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Oníbáńkì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Lartey rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé, ṣé torí pé ọkọ rẹ̀ ni ó ṣe gbà fún un?

Muslimat sọ fún wa lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ìbéèrè tí òun ti fi dán ọkọ òun wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí irú èyí. Ó dáhùn pé nílé, òun máa ń gbà fún un lẹ́nu, òun á sì lọ ṣe èyí tó wu òun. Lónìí, òun gbà nítorí pé òun rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣàjèjì sí òun fúnra òun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ra, òun kò tíì gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó jáde, wọ́n pe Suhaib. Wọ́n kọjá lára wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí àyè láti sọ fún un pé àṣírí ti tú. Muslimat jókòó níta, ó ń gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Wọ́n pàdé lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta kẹnkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tó dà bí ẹ̀kọ, àti ẹja díndín níwájú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Suhaib ní nǹkan lọ dáadáa, òun sọ ọ̀rọ̀ apẹja Tema, wọ́n sì tẹ́tí gbọ́ ọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé òun. Wọ́n bi òun pé nínú ẹgbẹ́ òun, ta ni òun lè bá da òwò pọ̀. Òun ní obìnrin tó ń jẹ́ Àrówólò ni, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ká a mọ́, ó máa ń gbà, kò sì ní gbà lọ́wọ́ òfo. Ó máa ń fi ohun tó sàn kún un. Ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín.

Muslimat sọ ìdí rẹ̀ fún un. Suhaib gbé kẹnkẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mú àga obìnrin ẹlẹ́ja náà. Nígbà tó sinmi, Muslimat bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ tó sọ nípa obìnrin Àrówólò náà dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú, pé òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó bi òun léèrè rí ni.

Wọ́n pe Muslimat lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní wọ́n ti gbà á. Wọn kò pe Suhaib. Ayọ̀ náà dà bí oúnjẹ gbígbóná lẹ́nu Muslimat, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú. Ó délé, ó ń ṣe bí ẹni tí kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n Suhaib wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀. Ó kí i kú oríire. Lọ́jọ́ kejì, kí Muslimat tó rí àyè débẹ̀, ó ti gba ilé Àgbékẹ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màámá, ọmọ yín ti wọlé." Nígbà tí ìyá béèrè pé òun ńkọ́, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ fún ti ẹni tó ti dé, ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́nà.

Ní àwọn ọjọ́ ìdúró yẹn, Muslimat rí ọkọ rẹ̀ bí kò ti rí i rí. Kò ráhùn. Ó ní kí wọ́n fi ibi tí aṣọ ilé-kéwú Mutala wà han òun, àti bí wọ́n ṣe ń di oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé tó bá jẹ́ ìyá ọmọ nìkan ló ń lọ, òun ni yóò máa ṣe Sátidé. Ìrẹsì tiẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì se òmíràn.

Ọ̀mọ̀wé Lartey fúnra rẹ̀ ló pè é níkẹyìn. Ó ní wọ́n ti gbà á, kí ó má bínú, pé kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kíláàsì ló fa ìdádúró. Wọn kò tíì ní tọkọtaya nínú ọdún kan náà rí, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n kó wọn pọ̀ tàbí kí wọ́n yà wọ́n. Kí àwọn fúnra wọn mú èyí tó wù wọ́n. Suhaib ní òun yóò bi ìyàwó òun.

Muslimat ní kí wọ́n yà wọ́n. Suhaib yóò máa lọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, òun ní Sátidé. Ó ní tí àwọn bá wà níbì kan náà, ta ni yóò máa ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ fún ta ni? Ta ni yóò sì dúró ti Mutala?

Ní Sátidé àkọ́kọ́, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ojú pópó Lapaz kún fún ẹrẹ̀. Suhaib gbé Àgbékẹ́ lọ sí Makọ́là nínú takisí, ó sì ti padà dé kí Mutala tó jí. Muslimat wọ bàtà rọ́bà dé ilé-ẹ̀kọ́, ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó fi í sínú láílọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ èyí tó dára. Yàrá ìkàwé ti ń kún. Afua, obìnrin olóògùn, rí i láti ìdí fèrèsé, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu omi òjò tó ta sórí àga náà kúrò. Muslimat lọ jókòó.